Bí A Ṣe Ń Wá Ìdí Ọ̀rọ̀ Tí Kò Ní Àfòmọ́ Ẹ̀yìn

A lè sọ pé mo lọ, wọ́n ti lọ, tàbí ẹ óò lọ, síbẹ̀ "lọ" kò ní yí padà, nítorí pé iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe ni èdè Yorùbá máa ń kó ẹni tí ó ṣe nǹkan àti ìgbà tí ó ṣe é sí. Èyí ni ó fi máa ń ṣòro fún wa nígbà tí a bá ń kọ́ èdè tí ó ń lẹ nǹkan mọ́ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀, tí a sì wá ọ̀rọ̀ tí a kà nínú atúmọ̀ èdè títí tí a kò rí i. Àfòmọ́ ẹ̀yìn ni ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀; ohun tí ó ṣẹ́kù bí a bá yọ ọ́ kúrò ni ìdí ọ̀rọ̀, òun sì ni a ó wá.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ fún ọmọdé kan ṣoṣo. "Gel!" ni "Wá!" ní èdè Tọ́kì, bẹ́ẹ̀ ni "Komm!" ní èdè Jámánì: ìdí ọ̀rọ̀ náà lásán nìyẹn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ pé ọmọdé, nítorí bí àwa ṣe ń sọ "Ẹ wá" fún àgbà, àwọn ará Tọ́kì náà a máa sọ "Gelin", àfòmọ́ sì ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. "Gelmek" tí ẹ óò bá nínú atúmọ̀ èdè pàápàá ti gba -mek mọ́ra.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ẹ̀yìn ni kí ẹ ti máa bọ́ ọ, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo "evlerimizde", tí ó túmọ̀ sí "nínú àwọn ilé wa": ẹ yọ -de, tí ó ń tọ́ka sí ibi tí nǹkan wà, ẹ yọ -imiz, tí ó jẹ́ "wa", ẹ yọ -ler, tí ó ń fi ọ̀pọ̀ hàn, "ev", ilé, ni yóò ṣẹ́kù, ó sì lè dá dúró.

Kì í ṣe gbogbo èdè ni ìdí ọ̀rọ̀ ti ń dá dúró bẹ́ẹ̀. Ní èdè Swahili, "Soma!" ni "Kà!", ṣùgbọ́n -a ìparí rẹ̀ ń di -i nínú "sisomi", n kì í kà, som- ni ìdí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í pè é lásán.

Èdè Rọ́ṣíà ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. "Kniga" ni ìwé, "knig" tí kò ní àfòmọ́ sì ni wọ́n ń lò fún "ti àwọn ìwé": àìsí àfòmọ́ náà ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Nítorí náà, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ sì kọ iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i lábẹ́.