Bí o ṣe lè ka Manufacturing Engineering Technology ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kí iṣẹ́ náà sì mọ́ ọ lọ́wọ́

Àwọn tó fẹ́ ka ẹ̀kọ́ yìí sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè bóyá ìṣirò rẹ̀ le. Ó le díẹ̀, a ó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé: ṣé àwọn ẹ̀rọ tó wà ní wọ́kìṣọ́ọ̀bù ilé ẹ̀kọ́ náà ń ṣiṣẹ́, ṣé wọ́n sì ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ kàn wọ́n? Ẹ̀kọ́ nípa bí nǹkan ṣe ń kúrò lórí ìwé di ohun tí a lè dì mú ni Manufacturing Engineering Technology: bí wọ́n ṣe ń gé irin, bí wọ́n ṣe ń yọ́ ọ, bí wọ́n ṣe ń jó o pọ̀, bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, àti bí ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ṣe máa jáde láìsí pé ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ẹni tó bá kà á lórí ìjókòó nìkan, ìwé ẹ̀rí ló gbà, kò tíì kọ́ṣẹ́.

Fi ojú ara rẹ wo wọ́kìṣọ́ọ̀bù kí o tó gba fọ́ọ̀mù

Má ṣe fi ìwé ìpolówó yan ilé ẹ̀kọ́. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí o wọ wọ́kìṣọ́ọ̀bù, kí o sì wo abẹ́ àwọn ẹ̀rọ. Níbi tí iṣẹ́ bá ti ń lọ, èérún irin máa wà nínú àwo abẹ́ léètì (ẹ̀rọ tó ń yí irin kí ọ̀bẹ lè gé e), imú rẹ á gbọ́ òórùn òróró tí wọ́n fi ń gé irin. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ọ̀rá bò, tí eruku sì ti bo ọ̀rá náà, àfihàn lásán ni. Bi òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ léèrè, kì í ṣe ẹni tó ń ta fọ́ọ̀mù, pé akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló ń pín léètì kan lò. Bí ó bá ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wàá rí nǹkan kọ́. Bí ó bá ní ogún, ẹ̀yìn ẹlòmíràn lo máa máa wò.

Mọ irú ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fúnni pẹ̀lú. Lọ́pọ̀ ibi, ẹ̀kọ́ ọdún méjì ló ń sọ èèyàn di technician, ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló sì ń sọ ọ́ di technologist. Àdéhùn mẹ́ta wà láàárín àwọn orílẹ̀-èdè kí wọ́n lè máa ka ìwé ẹ̀rí ara wọn sí: Washington Accord ti 1989 fún àwọn engineer, Sydney Accord ti 2001 fún àwọn technologist, àti Dublin Accord ti 2002 fún àwọn technician. Béèrè èyí tí ẹ̀kọ́ tí ò ń wò wà lábẹ́ rẹ̀, bí ó bá wà lábẹ́ ọ̀kankan. Kò sí ohun tó burú nínú kí èèyàn jẹ́ technologist, mo tiẹ̀ rò pé òun ni iléeṣẹ́ ń wá jù, àmọ́ kò dáa kí o kàwé tán kí o tó mọ̀ pé orúkọ tí o rò pé wọ́n máa pè ọ́ kọ́ ni wọ́n máa pè ọ́.

Ìṣirò tí o máa lò jù

Álíjẹ́bírà àti ìṣirò igun mẹ́ta ni oúnjẹ òòjọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Calculus wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pọ̀ tó ti àwọn tó ń ka engineering gangan. Físíìsì tí o nílò ni ti agbára, ti ooru àti ti iná mànàmáná.

Wo àpẹẹrẹ kan. O fẹ́ gé ọ̀pá irin rírọ̀ tí dáyámítà rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 40 lórí léètì, ọ̀bẹ ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ rẹ sì jẹ́ high-speed steel, irú irin líle kan tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀bẹ ẹ̀rọ. Ìwé atọ́nà máa sọ fún ọ pé irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ lè gé irin rírọ̀ ní bíi mítà 30 ní ìṣẹ́jú kan. Ìgbà mélòó ni kí ọ̀pá náà máa yí ní ìṣẹ́jú kan? Fi 1,000 ṣe ìlọ́po 30, kí o sì fi 3.142 ìlọ́po 40 pín in. Á fún ọ ní nǹkan bí 239. Bí léètì rẹ kò bá ní 239, mú èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, má ṣe mú tòkè.

Ìṣirò náà kò tíì parí síbẹ̀. Bí ọ̀pá náà bá jẹ́ mìlímítà 20, iye yẹn á di nǹkan bí 477. Ìdí nìyí tí ojú irin fi máa ń rí gbágungbàgun ní àárín gbùngbùn nígbà tí o bá ń gé ojú rẹ̀ láti etí wọ àárín: bí ọ̀bẹ ṣe ń sún mọ́ àárín, bẹ́ẹ̀ ni eré tí irin fi ń kọjá lẹ́nu ọ̀bẹ ń dín kù, títí á fi di òfo. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti rí i lójú ara rẹ̀ kì í gbàgbé ìṣirò yẹn mọ́. Nítorí náà, ìṣirò yòówù tí wọ́n bá kọ́ ọ ní kíláàsì, wá ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀ ní wọ́kìṣọ́ọ̀bù láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn.

Kọ́ wíwọn kí o tó kọ́ gígé

Èyí gan-an ni ọkàn ẹ̀kọ́ náà, òun sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń sáré fò kọjá nítorí pé kò dùn ún wò bí iná wẹ́dà. Gba micrometer kan, ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó, kí o jókòó tì í. Inú rẹ̀ ni ìdè ẹlẹ́sẹ̀ẹsẹ̀ (screw) kan wà tó ń rìn ní ìdajì mìlímítà nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá yí po. Wọ́n fa ìlà 50 yí apá tó ń yí ká, tó fi jẹ́ pé ìlà kan jẹ́ 0.01 mìlímítà. Kọ́kọ́ pa ẹnu rẹ̀ dé kí o rí i pé ó wà lórí òdo. Lẹ́yìn náà fi irin sí i lẹ́nu, kí o sì lo orí kékeré tó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ láti fi dì í, má ṣe fi agbára ọwọ́ rẹ dì í.

Ká ní ìlà tó hàn kẹ́yìn lórí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ 7, tí ìlà ìdajì kan sì tún yọjú lẹ́yìn rẹ̀, tí apá tó ń yí sì dúró lórí 23. Ìwọ̀n rẹ jẹ́ 7.73. Ẹni tí kò bá rí ìlà ìdajì yẹn á kọ 7.23 sílẹ̀, á sì rò pé irin náà fi ìdajì mìlímítà kéré ju bó ṣe wà gan-an lọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ nìyẹn lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní. Ohun tó ń wò ó ni kí o wọn nǹkan tí o ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ léraléra, kí ẹlòmíràn náà wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì fi wé ara yín.

Bí ọwọ́ rẹ bá ti mọ micrometer, àwòrán iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yé ọ. Kò sí ẹni tó lè gé irin kó jẹ́ mìlímítà 25 géérégé, nítorí náà ẹni tó ya àwòrán gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe lè yẹ̀ tó. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní tolerance. Bí o bá rí 25 H7 lára ihò àti 25 g6 lára ọ̀pá tó máa wọ inú rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ihò lè wà láti 25.000 dé 25.021 mìlímítà, ọ̀pá sì lè wà láti 24.980 dé 24.993. Bí ihò bá kéré jù tí ọ̀pá sì tóbi jù, àyè àárín wọn á jẹ́ 0.007. Bí ó bá yí padà, á jẹ́ 0.041. Lọ́nà méjèèjì, ọ̀pá á wọlé, á sì yí fàlàlà láìmì. Nínú àdéhùn ISO, àjọ tó ń gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ fún gbogbo ayé, ni gbogbo nọ́ńbà yìí wà, o kò ní há wọn sórí, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń wá wọn nínú tábìlì.

Ooru náà ń bẹ lára ọ̀rọ̀ náà. Láti 1931 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò pé ìwọ̀n tó wà lórí àwòrán jẹ́ ti ìgbà tí nǹkan náà bá wà ní dígíríì 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Irin ń fẹ̀ bí ó bá gbóná. Ọ̀pá mìlímítà 25 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀bẹ, tó fi dígíríì 30 gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, á ti fi nǹkan bí 0.009 mìlímítà tóbi sí i. Àyè tí g6 fún ọ látòkè délẹ̀ kò ju 0.013 lọ. O wọ̀n ọ́n lóoru, ó pé. O padà wá lẹ́yìn wákàtí kan, ó ti kéré jù. Jẹ́ kí irin tutù kí o tó gé èyí tó kẹ́yìn.

Nígbà tí o bá ń ka àwòrán, wo àmì kékeré tó wà ní igun rẹ̀ tó ń sọ bóyá first-angle ni tàbí third-angle, ìyẹn ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà to àwọn ẹ̀gbẹ́ nǹkan sórí àwòrán. Ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ya sí ọwọ́ ọ̀tún nínú ọ̀kan, ọwọ́ òsì ló máa wà nínú èkejì. Ẹni tí kò bá wo àmì yẹn lè lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ tí kò yẹ, kí ìwọ̀n rẹ̀ sì pé pérépéré.

Nígbà tí o bá dé ìdí ẹ̀rọ

Bọ́ òrùka, aago àti ẹ̀gbà ọrùn. Di irun rẹ, ká apá aṣọ rẹ sókè, wọ awò tó ń dáàbò bo ojú. Má ṣe wọ ìbọ̀wọ́ nídìí léètì tó ń yí, bí èérún irin tiẹ̀ mú. Bí ìbọ̀wọ́ bá há sí i, ọwọ́ ló máa bá a lọ. Búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń gbá èérún irin, lẹ́yìn tí o bá ti pa ẹ̀rọ.

Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń di chuck, ìyẹn ẹnu léètì tó ń di irin mú, ni mo fẹ́ kí o bẹ̀rù jù. Bí o bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ tí o sì tan ẹ̀rọ, á fò jáde, kò sì sí ẹni tó mọ ọ̀nà tó máa gbà. Fi èyí kọ́ ọwọ́ rẹ láti ọjọ́ kìíní: níwọ̀n ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lára chuck, ọwọ́ rẹ náà gbọ́dọ̀ wà lára kọ́kọ́rọ́. Bí o bá fẹ́ gbé ọwọ́ kúrò, yọ ọ́ kọ́kọ́.

Ní ti gígé fúnra rẹ̀, gé ojú irin kó dọ́gba ná, gé e sún mọ́ ìwọ̀n díẹ̀díẹ̀ títí á fi ku nǹkan bí ìdajì mìlímítà, dúró, wọ̀n ọ́n, kí o tó ṣe gígé tó kẹ́yìn. Irin tó ṣẹ́ kù ṣì ṣe é gé. Èyí tó ti lọ kò ṣe é dá padà.

Kọ̀ǹpútà á dé, má kánjú

John Parsons ló mú èrò pé kí nọ́ńbà máa darí ẹ̀rọ wá, ilé ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà sì fi ẹ̀rọ milling (ẹ̀rọ tí ọ̀bẹ rẹ̀ ń yí láti gé irin) tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ han aráyé ní 1952. Ohun tó di CNC lónìí nìyẹn, ìyẹn ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń fi nọ́ńbà darí. Sọ́fítíwíà CAM, tó ń sọ àwòrán di àṣẹ fún ẹ̀rọ, lè kọ gbogbo àṣẹ náà fún ọ, ṣùgbọ́n fọwọ́ ara rẹ kọ díẹ̀ ná. G00 ń gbé ọ̀bẹ lọ kíákíá láìgé nǹkan, G01 ń gbé e lọ tààrà bó ṣe ń gé, G02 àti G03 ń gbé e lọ bí apá òbìrìkìtì, M03 ń mú ẹ̀rọ yí. Ẹni tó bá fi G00 síbi tó yẹ kí G01 wà á gbọ́ ariwo tí kò ní fẹ́ gbọ́ mọ́. Kí o tó gé nǹkan gidi, gbé ọ̀bẹ sókè kúrò lórí irin, kí o sì jẹ́ kí ẹ̀rọ sáré gbogbo àṣẹ náà lófìfo.

Nípa PLC (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ iléeṣẹ́), rọ́bọ́ọ̀tì àti títẹ nǹkan jáde ní 3D, wọ́n á kọ́ ọ. Wọn kì í ṣòroó kọ́ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ àwọn ti ìṣáájú.

Má sá fún ìṣirò àkójọ nọ́ńbà

Ó lè dà bíi pé statistics kò bá wọ́kìṣọ́ọ̀bù tan. Ó bá a tan dáadáa. Ká ní o ń ṣe ọ̀pá 25 g6 yẹn láti àárọ̀. Mú márùn-ún ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, wọ̀n wọ́n, kí o fi àmì sí ìpíndọ́gba wọn lórí ìwé. Gbogbo wọn ṣì wà láàárín ààlà, àmọ́ àmì náà ń gòkè díẹ̀díẹ̀ ní wákàtí kan sí èkejì. Ẹnu ọ̀bẹ ló ń jẹ. Ìwé yẹn sọ fún ọ kí ọ̀pá kankan tó bàjẹ́. Walter Shewhart ló gbé irú àwòrán yìí kalẹ̀ ní 1924, nígbà tó wà ní iléeṣẹ́ Western Electric, àwọn iléeṣẹ́ sì ń lò ó títí di òní.

Wọ iléeṣẹ́ kí o tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde

Má dúró di ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ á rán ọ. Wá ibi tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan, bó ti wù kó kéré tó, kí o lo ìsinmi rẹ níbẹ̀. Mú ìwé kékeré kan dání. Kọ bí ó ṣe ń pẹ́ tó kí wọ́n tó yí ẹ̀rọ padà láti iṣẹ́ kan sí òmíràn, ibi tí ọjà ti ń to jọ dúró, àti ohun tó ń mú kí wọ́n da nǹkan nù. Àwọn àgbà òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lè má mọ orúkọ tí ìwé ń pe nǹkan, ṣùgbọ́n etí wọn mọ ìgbà tí ọ̀bẹ kú. Kí wọn dáadáa, bi wọ́n léèrè, má jiyàn.

Fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ, yan nǹkan tí ó ní ẹ̀yà tó gbọ́dọ̀ wọ ara wọn, bíi fáìsì kékeré tí ń di irin mú. Ya àwòrán rẹ̀, kọ tolerance sí i, gé e, wọn gbogbo ẹ̀yà rẹ̀, kí o sì kọ ìwọ̀n tí o rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n tí o fẹ́, títí kan èyí tó yẹ̀. Bí wọ́n bá pè ọ́ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, gbé fáìsì náà àti ìwé ìwọ̀n náà sórí tábìlì. Lẹ́yìn tí o bá ti ríṣẹ́, o lè gbèrò ìdánwò CMfgT (Certified Manufacturing Technologist) ti SME, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ manufacturing ní Amẹ́ríkà, tó wà fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Apá tó pọ̀ nínú ohun tí wọ́n máa bi ọ́ níbẹ̀, ìdí ẹ̀rọ ni o ti máa kọ́kọ́ bá a pàdé.