Owó ìwádìí fún ìpínlẹ̀ tí owó kì í sábà dé: bí ẹ ṣe máa wá a

Lóṣù tó kọjá, àbúrò kan, ọmọ Ṣakí, pè mí lórí fóònù. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì kékeré kan ní Arkansas. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Yàrá tí wọ́n ní kí n máa fi ṣe ìwádìí, tábìlì méjì àti fírísà tó ti bàjẹ́ ló wà níbẹ̀. Kíláàsì mẹ́rin ni mò ń kọ́. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára, torí bí nǹkan ṣe rí fún èmi náà nìyẹn nígbà tí mo dé Mississippi. A sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì. Ohun tí mo sọ fún un ni mo kọ síbí, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń kọ́ni nírú ilé ìwé bẹ́ẹ̀, pàápàá ní àwọn yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú láyé ìyàsọ́tọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìdí tí owó náà fi wà. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ díẹ̀ bíi California, Massachusetts àti New York ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó ìwádìí ìjọba. Ẹni tó ti ní ẹ̀rọ ló ń rí owó ra ẹ̀rọ sí i. Lọ́dún 1978, àjọ sáyẹ́ǹsì ìjọba àpapọ̀ tí à ń pè ní NSF dá ètò EPSCoR sílẹ̀ kí àwọn tó kù lè gbérí. Arkansas, Maine, Montana, South Carolina àti West Virginia ló kọ́kọ́ gba owó rẹ̀ lọ́dún 1980. Wọ́n ti di 28 báyìí, Puerto Rico, Guam àti Virgin Islands sì wà lára wọn. Ìlànà rẹ̀ ni pé ohun tí ìpínlẹ̀ náà rí gbà nínú owó ìwádìí NSF láàárín ọdún márùn-ún kò gbọdọ̀ ju 0.75 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Mississippi, Alabama, Louisiana, Oklahoma, Kansas àti Kentucky wà níbẹ̀. Texas, Georgia àti Maryland tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí kò sí níbẹ̀, bó ti wù kí ilé ìwé yín kéré tó. Torí náà, ẹ yẹ orúkọ ìpínlẹ̀ yín wò lórí ìkànnì NSF kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún.

Òfin CHIPS and Science tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2022 ní kí ìpín àwọn ìpínlẹ̀ yìí nínú owó NSF máa ga díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún 2029. Inú mi dùn sí i gan-an. Àmọ́ ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì, ẹ má fi iṣẹ́ yín dúró de ìlérí.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni pé wọ́n rò pé fọ́ọ̀mù kan wà tí èèyàn á kọ EPSCoR sí lórí, tí owó á sì jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó ńlá inú rẹ̀, ìpínlẹ̀ lápapọ̀ ló ń gbà á. Láyé ètò tí wọ́n ń pè ní Track-1, ó lè tó 20 mílíọ̀nù dọ́là fún ọdún márùn-ún. Ètò EPSCoR méjì mìíràn, E-CORE àti E-RISE, ló rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í kọ irú ìyẹn. Ṣùgbọ́n láti inú owó ńlá yẹn ni owó ìbẹ̀rẹ̀ kéékèèké ti sábà máa ń jáde fún àwọn olùkọ́. Gbogbo ìpínlẹ̀ náà ló ní àwọn tó ń bójú tó EPSCoR wọn. Ẹ wá wọn rí, ẹ kọ ímeèlì sí wọn, ẹ lọ sí ìpàdé tí wọ́n bá pè. Ọdún kan gbáko ni mo lò ní Mississippi kí n tó mọ̀ pé wọ́n wà, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ràn jù, torí pé kò ní wàhálà. Ẹ kọ ìwé ìbéèrè owó sí ẹ̀ka NSF tó bá iṣẹ́ yín mu, bí gbogbo ayé ṣe ń kọ ọ́. Tí àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò bá ní ó dára, àmọ́ tí owó ẹ̀ka náà kò tó, EPSCoR lè fi owó tirẹ̀ kún un torí ibi tí ẹ wà. Ẹ kò ní kọ ìwé mìíràn. Ibi tí ẹ wà ti ń gbà yín sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ sọ̀rọ̀. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí wọ́n fi ń rán olùkọ́ lọ sí ilé ìwé ńlá tàbí láàbù ìjọba kó lọ bá wọn ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, kó sì mú ìmọ̀ padà wálé. Ti ìlera ni iṣẹ́ yín? Ẹ wo ètò IDeA tí NIH, àjọ ìwádìí ìlera ìjọba àpapọ̀, ti ń ṣe láti ọdún 1993 fún ìpínlẹ̀ 23 àti Puerto Rico. INBRE tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń so àwọn ilé ìwé kéékèèké inú ìpínlẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn ńlá.

Ó wá ku ohun tí ẹ máa kọ. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí.

Ní ọdún méjì àkọ́kọ́, mo ń kọ ìwé ìbéèrè owó bíi pé ilé ìwé olówó ni mo wà. Mo mú iṣẹ́ tí mo ṣe fún oyè dókítà, mo tún un kọ, mo fi ránṣẹ́. Wọn kò fún mi lówó nígbà méjèèjì. Ọ̀kan nínú àwọn tó yẹ ìwé náà wò béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé Mississippi ni wọ́n á ti ṣe iṣẹ́ yìí. Mi ò ní èsì.

Èsì náà wà nínú adágún. Mississippi ló ń sin ẹja àrọ̀ jù ní Amẹ́ríkà, agbègbè Delta, lápá Belzoni, ni wọ́n sì ti ń sìn ín. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, mo mọ ẹja. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ ra ẹja níbẹ̀, àgbẹ̀ kan sọ fún mi pé adágún òun mẹ́ta ló wà ní títì. Àwọn ohun tíntìntín kan wà tó máa ń sọ omi di àwọ̀ ewé nígbà ooru. Àwọn kan nínú wọn ń tú èròjà geosmin sómi, ẹja á wá máa gbóòórùn ilẹ̀ bí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá bọ́ sí erùpẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ra ẹja ní ẹni tó ń tọ́ ọ wò. Tí adùn rẹ̀ kò bá péye, wọn kò ní gbà á, àgbẹ̀ á sì máa bọ́ ẹja tí kò lè tà. Mo dúró létí adágún yẹn, mo ní, iṣẹ́ mi rèé. Kò sí olùkọ́ ní Boston tó sún mọ́ ọn tó mi.

Torí náà, ẹ wá ìṣòro tó wà ní ìwọ̀n wákàtí kan sí ilé ìwé yín. Lẹ́yìn náà, ẹ mọ ẹnu ọ̀nà tí ẹ máa gbé e lọ. NSF fẹ́ ìmọ̀ tí ẹnì kankan kò tíì ní: kí ló ń mú kí ohun tíntìntín yẹn tú geosmin sómi? Ilé Iṣẹ́ Ọ̀gbìn, USDA, fẹ́ mọ ohun tí àgbẹ̀ máa rí gbà nínú rẹ̀, wọ́n sì ní owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀ EPSCoR tiwọn àti àwọn ilé ìwé kéékèèké. Adágún kan náà ni, ìbéèrè rẹ̀ ló yàtọ̀. Àmọ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ gba owó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ gbogbo owó tí ẹ ń retí sílẹ̀ fún wọn.

Kí ẹ tó kọ ojú ìwé 15 tí NSF fẹ́, ẹ kọ ojú ìwé kan péré: ìbéèrè yín, bí ẹ ṣe máa ṣe é, ìdí tó fi jẹ́ ibẹ̀ yẹn. Ẹ fi ránṣẹ́ sí program officer, ìyẹn òṣìṣẹ́ NSF tó ń bójú tó owó ẹ̀ka náà, kí ẹ béèrè bóyá ó bá wọn mu. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń bẹ̀rù èyí, torí bí wọ́n ṣe tọ́ wa, a kì í fẹ́ yọ àgbà lẹ́nu. Iṣẹ́ wọn ni láti dá yín lóhùn. Ẹ kí wọn ní gbólóhùn kan, kí ẹ bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Ẹ tún sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ wà lára àwọn tó ń yẹ ìwé wò. Ìgbà tí mo jókòó nínú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, tí mo ka tàwọn ẹlòmíràn, ni ojú mi là sí àṣìṣe tèmi.

Nínú ìwé náà, ẹ sọ òótọ́ nípa ohun tí ẹ kò ní. Owó yìí, wọ́n dá a sílẹ̀ láti fi kọ́ ohun tí kò sí. Mo kọ ọ́ ní kedere pé a kò ní ẹ̀rọ tó ń wọn geosmin, pé ilé ìwé kan nítòsí ti gbà kí a máa lo tiwọn, àti pé ọmọ ilé ìwé mẹ́rin lọ́dún ni yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Kí ẹni tó ń kà á rí ohun tí yóò ṣẹ́ kù sí ilé ìwé yín nígbà tí owó bá tán.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ohun kéékèèké. Ìwé mi kẹta, wọ́n dá a padà láìkà, torí mi ò fi àkọlé "Broader Impacts", ìyẹn àǹfààní tí iṣẹ́ náà máa ṣe fún àwùjọ, sọ́tọ̀ nínú àlàyé iṣẹ́ náà. Àṣìṣe mi ni, mo sì sunkún. Gbólóhùn kan péré ni NSF fẹ́ nínú lẹ́tà ẹni tó máa bá yín ṣiṣẹ́. Ojú ìwé méjì tí àgbẹ̀ náà fi tọkàntọkàn kọ, mi ò lè lò ó. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ níbi tí ilé ìwé yín wà ni ìlẹ̀kùn ń tì, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì tó ń bójú tó gíráǹtì nílé ìwé yín yóò fẹ́ rí i ṣáájú ìgbà yẹn. Ẹ béèrè ọjọ́ wọn.

Nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, ẹ béèrè fún àkókò. Owó oṣù méjì lọ́dún ni NSF sábà máa ń san fún olùkọ́ lórí gbogbo gíráǹtì rẹ̀ lápapọ̀. Ẹni tó ń kọ́ kíláàsì mẹ́rin kò lè ṣe ìwádìí lóru nìkan. Ẹ bá ọ̀gá ẹ̀ka yín sọ ọ́ kó dín kíláàsì yín kù, kó sì wà lákọsílẹ̀ kí ẹ tó fi ìwé ránṣẹ́. Ní ti ìwé ìgbélùú, èyí tí gbogbo èèyàn ń bi mí: ilé ìwé ni NSF ń fún lówó, torí náà àìjẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà kì í sábà dènà olùkọ́. Síbẹ̀, ẹ ka ìkéde ètò kọ̀ọ̀kan, torí àwọn kan yàtọ̀.

Tí wọ́n bá ní rárá, ẹ gbé ìwé náà tì fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ, kí ẹ pe program officer, kí ẹ tún un ṣe. Ìwé mi kẹrin ló wọlé.

Tí wọ́n bá sì ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kọ ọjọ́ ìjábọ̀ sára ògiri. Ti NSF gbọ́dọ̀ wọlé ní ọjọ́ 90 ṣáájú kí ọdún owó náà tó parí. Tó bá pẹ́, owó tuntun kò ní jáde fún yín, bẹ́ẹ̀ ni kò ní jáde fún àwọn tí ẹ jọ fọwọ́ sí iṣẹ́ náà.