Nígbà tí ẹ̀rọ steno bá sọ "is he" di "she"

Nínú ọ̀pọ̀ kóòtù wa, adájọ́ ṣì ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹ̀rí sílẹ̀, nítorí náà inú mi dùn pé àwọn kan ní Abẹ́òkúta ń kọ́ steno, ìyẹn fífi ẹ̀rọ kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń jáde lẹ́nu. Ìdáhùn mi sí ìbéèrè wọn rèé.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ni mo fi ń kọ́ṣẹ́ nílé ní Pánṣẹ́kẹ́. Tí mo bá tẹ "is he" kíákíá, "she" ló ń jáde lójú kọ̀ǹpútà. Ṣé ọwọ́ mi ni àbí ẹ̀rọ?

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni kó o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. A kì í tẹ lẹ́tà steno lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìka púpọ̀ ló ń lọ sílẹ̀ pa pọ̀, ìgbà tí gbogbo wọn bá gbéra tán lẹ̀rọ tó kọ ọ́. Nínú Plover, ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ ohun tá a tẹ̀ di ọ̀rọ̀, S nìkan ni "is", H àti E ni "he". Bí S kò bá tíì gòkè tán tí H àti E fi dé, ẹ̀rọ á kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, á di SHE. Lọ́yà ń bèèrè ọ̀rọ̀ ọkùnrin, àkọsílẹ̀ ń sọ ti obìnrin! Ẹni tó bá ka ìwé ẹjọ́ náà lẹ́yìn ọdún mélòó kan kò ní í mọ̀ pé ẹ̀rọ ló fà á.

Wá ibi tí wọ́n ti ń yí ìfarakàn bọ́tìnnì, ìyẹn ibi tí bọ́tìnnì máa dé kí ẹ̀rọ tó gbà pé o ti tẹ̀ ẹ́. Lára àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, síkúrù ni. Lára àwọn tuntun, ojú ẹ̀rọ lo ti máa yí i. Bó bá jẹ́ pé bọ́tìnnì ti ń fara kàn kó tó lọ sílẹ̀ dáadáa, sún ìfarakàn náà sísàlẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, mú kí bọ́tìnnì le díẹ̀ sí i kó lè tètè padà sókè. Má jẹ́ kó le jù o, ọwọ́ á ti rẹ̀ ọ́ kí kóòtù tó dìde. Nǹkan kan ni kó o yí lẹ́ẹ̀kan, kó o sì fi ìpínrọ̀ kan náà dán an wò kó o tó kan òmíràn.

Ìbéèrè: Tèmi, "bad" ló ń di "pad".

Ìdáhùn: W ni kò wọlé. P àti W pọ̀ ni B, ìka àárín ọwọ́ òsì ló sì ń tẹ àlà tó wà láàárín wọn. Bí ìka bá ti yọ́ sókè, P nìkan ló máa gbà. Tún gíga ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ṣe kí ọrùn ọwọ́ rẹ má tẹ̀. Bí kò bá yí padà, gbé ìfarakàn W nìkan sókè.

Ìbéèrè: Àbúrò mi, mo ti fẹ̀yìn tì, mo fẹ́ kọ́ steno. Irú èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ má tíì ra ẹ̀rọ ńlá. Ọ̀fẹ́ ni Plover, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Kíbọọ̀dù tó ní NKRO ni kẹ́ ẹ wá, torí ọ̀pọ̀ kíbọọ̀dù lásán kì í gba bọ́tìnnì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tọ́wọ́ yín bá ti yá ni kẹ́ ẹ tó wá tòkunbọ̀. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ sì wo bátìrì, torí iná ọba kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ ń lo waya serial tí kò sí ojú ihò rẹ̀ lára láptọ́ọ̀pù òde òní. Ẹ ra waya tó ń sọ ọ́ di USB.

Ẹ má kánjú o. Ní Amẹ́ríkà, ìdánwò ìjáfáfá RPR ti NCRA, ẹgbẹ́ àwọn akọ̀wé kóòtù, ń béèrè ọ̀rọ̀ 225 ní ìṣẹ́jú kan fún ẹ̀rí ẹlẹ́rìí, kí ìdá 95 nínú 100 sì pé.

Ìbéèrè: Bí ẹlẹ́rìí bá ń sọ Yorùbá ńkọ́?

Ìdáhùn: Ní Kóòtù Gíga, Gẹ̀ẹ́sì tí ògbufọ̀ bá sọ ni kó o kọ. Orúkọ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀: Láfẹ́ńwá, Ìtòkú, orúkọ olùpẹ̀jọ́ àti ti olùjẹ́jọ́. Gba ìwé ẹjọ́ lọ́wọ́ rẹ́jísírà kó tó di ọjọ́ ìjókòó, kó o fi orúkọ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé atúmọ̀ Plover rẹ. Ó ń gba ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn.