Ẹ má tíì gé ewé daffodil yẹn o! Àwọn àṣìṣe tó ń ba òdòdó ìgbà ìrúwé jẹ́ lẹ́yìnkùlé wa n'Ílùú Ọba

Gbogbo ìparí Fẹ́búárì báyìí, tí daffodil bá ti ń yọ yẹ́lò lẹ́bàá ọ̀nà, táwọn èèyàn wa bá rí i pé ẹ̀yìnkùlé òyìnbó tó múlé tì wọ́n ti ń tàn yanran, tiwọn wá wà ní gbẹrẹfu, ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń pè mí, "Àǹtí, ibo ni wọ́n ti ń ta bulb, mo fẹ́ gbìn ín ní Sátidé yìí." Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti bọ́ o. Òdòdó tẹ́ ẹ̀ ń rí ní Máàṣì yẹn, bulb ẹ̀, ìyẹn ìdí ẹ̀ tó rí bí àlùbọ́sà tá a máa ń gbìn, láti Sẹ̀tẹ́ńbà tàbí Òkítóbà tó kọjá ló ti wà nínú ilẹ̀, òtútù tó ń dá wa lágara láti ìgbà yẹn wá, òun gan-an ló ń jí i. Àwa tá a dàgbà sílé, òjò àkọ́rọ̀ la mọ̀, òjò rọ̀, o gbìn, ó hù, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣòro fún wa láti gbin nǹkan nígbà tí ewé ń wọ́, tí gbogbo nǹkan jọ bí ẹni pé ó ń kú lọ. Àmọ́ bó ṣe rí níbí nìyẹn. Tí ẹ ò bá rí i gbìn nígbà yẹn, ẹ ra èyí tó ti hù nínú ìkòkò, ẹ gbádùn ẹ̀, tó bá rẹ̀ tán kẹ́ ẹ wá lọ gbìn ín sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀.

Tulip yàtọ̀ díẹ̀. Òun àti daffodil ni ṣọ́ọ̀bù máa ń kó síta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó rà wọ́n pọ̀, ẹ ó sì gbìn wọ́n lọ́jọ́ kan náà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tọ́jú tulip sínú àpò bébà níbi tó tutù tó sì gbẹ títí di Nòfẹ́ńbà, torí àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní tulip fire, ó máa ń ká ewé ẹ̀ kò, ewé á dà bí ohun tí iná jó, ilẹ̀ tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló bá àrùn yẹn lára mu, tí òtútù bá ti mú ilẹ̀ dáadáa agbára ẹ̀ á dín kù.

Ẹ gbẹ́ kòtò ẹ̀ kó jìn o. Mo ti rí àwọn tó kàn fi ìka tẹ bulb wọlẹ̀ bí ẹni gbin àgbàdo. Ìlọ́po mẹ́ta gíga bulb ni kí kòtò jìn tó, tí bulb bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 5, kòtò á jìn tó 15, ibi tó ṣe ṣónṣó lẹ máa kọ sókè. Tí kò bá jìn, ó lè jẹ́ ewé nìkan lẹ máa rí, ọ̀kẹ́rẹ́ sì tún wà ńbẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ ìlú yìí ò bẹ̀rù èèyàn, oúnjẹ gidi ni bulb tulip àti ti crocus, òdòdó kékeré kan, lójú ẹ̀, lójú yín báyìí ló máa hú u. Waya oníhò tí wọ́n fi ń ṣe ilé adìyẹ ni mo máa ń tẹ́ lé e lórí, màá wá bu iyẹ̀pẹ̀ bò ó, ewé á gba inú ihò yọ. Daffodil ò ní wàhálà yẹn, májèlé wà lára ẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ sì mọ̀. Ilẹ̀ amọ̀ tó pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù náà ńkọ́, tí omi bá ń dúró síbẹ̀ bulb á jẹrà, ẹ po òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ọn tàbí kẹ́ ẹ gbìn ín sínú ìkòkò tó nihò nídìí.

Èyí tó wá ń dùn mí jù ni ti ewé. Lọ́dún tá a kó dé ilé tá a wà yìí, a bá daffodil nílẹ̀, ó pọ̀ lọ súà, inú mi dùn débi pé ojoojúmọ́ ni mò ń ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí màmá mi nílé. Nígbà tó di Épírì òdòdó ti rẹ̀, ewé wá nà gbalaja sílẹ̀, gbogbo ẹ̀ rí játijàti, a sì fẹ́ ṣe ìkómọ, mo bá gé e kanlẹ̀, ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Lọ́dún kejì, ewé tínínrín ló yọ, òdòdó mẹ́ta péré. Ó dùn mí gan-an. Ọ̀rọ̀ iṣu ni nǹkan yìí. Ta ni á lọ bẹ́ ewé iṣu kanlẹ̀ nígbà tí iṣu ń ta lábẹ́ ilẹ̀? Ewé yẹn ló ń gba oòrùn, òun ló ń se oúnjẹ tó ń kó o sísàlẹ̀, òdòdó ọdún tó ń bọ̀ gan-an, inú bulb yẹn ló ti ń dì. Ẹ fi ewé ẹ̀ sílẹ̀, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn tí òdòdó bá rẹ̀, tó bá pọ́n tó sì rọ fúnra ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gé e. Àwọn kan máa ń ta á ní kókó, àwọn mìíràn á dì í bí ẹni dirun kó lè wà létòlétò, ìyẹn náà ò da, oòrùn ò ní ráyè kan ewé. Orí òdòdó tó ti rẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ já dànù kó má baà fi agbára ẹ̀ so èso. Tó bá ń jẹ yín lójú níwájú àlejò, ẹ gbin nǹkan mìíràn síwájú ẹ̀ tó máa hù bò ó.

Àwọn igi olódòdó náà ńkọ́, bíi forsythia àti lilac? Ẹnì kan tí mo mọ̀ pe àwọn tó ń tún ọgbà ṣe ní Fẹ́búárì, wọ́n fá forsythia ẹ̀ bí ẹni fárí, ọdún yẹn kò rí òdòdó yẹ́lò kankan. Sọ́mà tó kọjá ni igi yìí ti rudi, orí ẹ̀ka tí wọ́n gé dànù yẹn ni òdòdó wà. Ẹ jẹ́ kí forsythia àti lilac tanná tán kẹ́ ẹ tó gé wọn. Ní ti cherry àti plum, àárín sọ́mà ni, ẹ má fọwọ́ kàn án nígbà òtútù, àrùn silver leaf máa ń gba ojú ọgbẹ́ wọlé nígbà tí gbogbo nǹkan tutù rin, ó sì lè pa igi.

Tẹ́ ẹ bá ní camellia, igi olódòdó mìíràn, ẹ má fi omi ẹ̀rọ bomi rin ín tẹ́ ẹ bá rọ́gbọ́n dá sí i. Ohun funfun tó ń lẹ̀ mọ́ kẹ́tùlù wa yẹn, ẹfun tó wà nínú omi ni, camellia ò sì fẹ́ ẹ rárá. Ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù gbe òjò. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí òǹgbẹ gbẹ ẹ́ ní Ọ́gọ́ọ̀sì, ìrudi ẹ̀ á máa já bọ́ ní Fẹ́búárì, ẹ ò sì ní mọ ìdí ẹ̀. Ẹ má sì gbìn ín síbi tí oòrùn àárọ̀ á ti kọ́kọ́ bà á, tí ìrì dídì bá wà lára òdòdó, tí oòrùn yọ sí i lójijì, ó máa jó o di búráùn.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ló kù. Bulb daffodil jọ àlùbọ́sà, ewé ẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ sì jọ àlùbọ́sà eléwé. Ní 2015, Public Health England, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìlera aráàlú nígbà yẹn, kọ̀wé sí àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n má ṣe kó daffodil sítòsí ẹ̀fọ́ àti èso, torí àwọn tó ti ṣèèṣì jẹ ẹ́. Èébì àti inú rírun ló máa ń fà. Ẹ wá ro ó wò, ìyá àgbà tó wá láti ilé wá bá wa tọ́jú ọmọ, tó jí láàárọ̀, tó fẹ́ lọ ata, tó rí nǹkan bí àlùbọ́sà nínú abọ́ lórí kọ́ńtà. Ta ló máa bá wọn wí? Ẹ mú wọn rìn yí ọgbà ká lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé, ẹ fi hàn wọ́n. Tẹ́nì kan bá sì ti jẹ ẹ́, ẹ pe 111, nọ́ńbà ìlera NHS, kíá. Tiwa, inú ṣẹ́ẹ̀dì lẹ́yìnkùlé ni bulb máa ń wà, mo kó o sínú àpò, mo fi bírò pupa kọ "KÌ Í ṢE OÚNJẸ" sí i lára gàdàgbà, kì í wọ kíṣìnnì.