Òkùnkùn Ni Kí Ẹ Múra Dè: Àṣìṣe Àwọn Tó Ń Lo Ìgbà Ìwọ́wé Àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù

Bí oṣù kẹjọ bá ti ń parí lọ, ẹ óò rí àwọn ọmọ wa tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọjà Yábàá àti ní Kàtàngówà tí wọ́n ń ṣa jákẹ́ẹ̀tì òkìrìkà. Ìyá ń ná ọjà, àǹtí ń pariwo pé, "Mú èyí tó nípọn jù!" Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe kí n tó lọ. Mo ti padà sí Èbúté-Mẹ́ta báyìí, n kò sì lè rí wọn kí n dákẹ́, torí pé ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bò mí mọ́lẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ rẹ̀ fún mi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti aṣọ kúrò nílẹ̀. Ẹ má fi gbogbo owó ra jákẹ́ẹ̀tì ràgàjì kan ṣoṣo. Láti oṣù kẹsàn-án dé oṣù kọkànlá, ojú ọjọ́ kì í dúró sójú kan, inú ọkọ̀ ojú irin sì lè gbóná débi tí òógùn á bò yín. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta tí ẹ wọ̀ léra sàn jù, torí afẹ́fẹ́ tó há sáàárín wọn ló ń mú ooru ara dúró. Kí tòkè má gba omi. Ẹ sì wá bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú: ewé tó já sójú ọ̀nà, tí òjò wá pa, ń yọ̀ bí ilá.

Ẹ má sì sọ pé ẹ ti mọ ọyẹ́. Èkó kì í sábà tutù ju ìwọ̀n 20 Celsius lọ. Lọ́ńdọ̀nù nínú oṣù kọkànlá, ọ̀sán gangan lè má ju 10 tàbí 11 lọ, ọ̀rinrin ló sì ń bá òtútù yẹn rìn.

Òkùnkùn ni mo fẹ́ sọ. L'Ékòó, láti January dé December, nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje ni oòrùn ń wọ̀. Ọ̀hún kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Sunday tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, wọ́n á dá aago padà ní wákàtí kan, tó bá sì di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, oòrùn ti wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀. Mo ń jáde níbi iṣẹ́ ní márùn-ún, ilẹ̀ ti ṣú biribiri. Mo ń lọ tààrà sórí bẹ́ẹ̀dì. Oúnjẹ kò wù mí, oorun kò tó mi. Mo rò pé ibà ni, mo lo oògùn tí mo gbé láti ilé, lásán ni. Dókítà ló sọ fún mi pé àìrí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn bẹ́ẹ̀. Ẹ má ti ara yín mọ́lé. Ẹ jáde lọ́sàn-án, kódà kó jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìjọba ibẹ̀ gan-an ní kí èèyàn ro ti lílo fítámínì D, èyí tí oòrùn ń mú kí ara ṣe, máíkírógíráàmù 10 lóòjọ́, nígbà ìwọ́wé àti ìgbà òtútù. Àwa aláwọ̀ dúdú, yíká ọdún ni tiwa, torí àwọ̀ wa ń dín ìtànṣán oòrùn tó ń wọra kù.

Tí ẹ bá jáde, ẹ wo igi. Igi tí ewé rẹ̀ ń pọ́n kò kú. Igi furúùtù tiwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí ewé rẹ̀ tó já. Àwọ̀ ewéko ló ń parẹ́, tí ìyeyè tó ti fara pa mọ́ sábẹ́ rẹ̀ wá hàn. Mo dorí kodò kọjá lára wọn lọ́dún yẹn, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Ẹ má ṣe dáná èédú nínú yàrá láé, bó ti wù kó tutù tó. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára rẹ̀, carbon monoxide, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Òun náà ló wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa tọkọtaya mọ́ ojú oorun l'Ékòó.

Àṣìṣe tó dùn mí jù rèé: ojoojúmọ́ ni Màámi ń béèrè bóyá òtútù ń mú mi, mo sì ń dáhùn pé rárá. Wọn kò mọ̀ pé òkùnkùn ló yẹ kí wọ́n béèrè, èmi náà kò sì sọ. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé bí aago bá ti yí, Lọ́ńdọ̀nù tó ti ń bá Èkó dọ́gba á fi wákàtí kan rẹ̀yìn. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ yín ti di mẹ́wàá ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ tètè pè wọ́n kí wọ́n tó sùn.