Bí A Ṣe Ń Bójú Tó Pátákó Afọwọ́kọ ní Ilé Àtijọ́ Tó Di Hòtẹ́ẹ̀lì

Bí ẹ bá sọ ilé petéẹ̀sì àtijọ́ di hòtẹ́ẹ̀lì, irú èyí tí àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Brazil padà wálé, kọ́ sí Pópó Àgùdà l'Ékòó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé pátákó oníke tó ń kọ mànà síwájú rẹ̀. Àtíìsì tó ń fọwọ́ kọ pátákó ni kẹ́ ẹ pè.

Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ. Pátákó tó bá kọjú sí títì l'Ékòó, LASAA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń bójú tó pátákó àti ìpolówó, ló ń fọwọ́ sí i. Bí ilé náà bá sì wà lára ohun ìrántí tí ìjọba àpapọ̀ kéde, ẹ má kan ìṣó kankan mọ́ ọn láìgbọ́ ti NCMM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìrántí. (Ilojo Bar, ilé àtijọ́ kan l'Ékòó, wà lára ohun ìrántí bẹ́ẹ̀ láti 1956, wọ́n ṣì wó o ní 2016. Ẹ fojú sílẹ̀.)

Kí wọ́n tó kun ilé, ẹ yẹ ògiri wò. Bí ìkọ̀wé àtijọ́ bá yọjú lábẹ́ ọ̀dà, ẹ má ha á. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó, kẹ́ ẹ sì fi bírò tọ ojú ìlà rẹ̀. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni àtíìsì yóò wò kọ tuntun.

Ògiri alámọ̀ máa ń fa omi. Ọ̀dà gúlóòsì tí ẹ bá kùn sára rẹ̀ yóò sé ọ̀rinrin mọ́nú, láìpẹ́ yóò sì máa bó. Torí náà, pákó ló dára jù láti kọ pátákó sí. Kí wọ́n kun ẹ̀yìn àti etí rẹ̀ pẹ̀lú, torí etí lomi ń gbà wọlé.

Ẹ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sínú ìwé tàmìtàmì, kẹ́ni tó mọ Yorùbá kà dáadáa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá pe yàrá kan ní Ọ̀ṢUN, àmì wà lókè, ó wà nísàlẹ̀. Bí ìlà méjì bá fún mọ́ra, àmì ìlà ìsàlẹ̀ yóò kọlu èyí tó wà lókè rẹ̀. Ẹ fàyè sílẹ̀. Ní ti gíga lẹ́tà, íńṣì 1 fún ẹsẹ̀ bàtà 10 tí ẹni tó ń kà á yóò fi jìnnà sí i.

Lẹ́yìn náà, kí àtíìsì ya lẹ́tà náà sórí bébà fífẹ̀ bó ṣe máa tóbi tó gan-an, kó fi abẹ́rẹ́ lu ihò tọ ojú ìlà rẹ̀. Yóò lẹ bébà náà mọ́ pákó, yóò sì máa fi àpò aṣọ kékeré tí èédú lílọ̀ wà nínú rẹ̀ gbá a jẹ́jẹ́. Bó bá ká bébà kúrò, ipa lẹ́tà ti wà níbẹ̀, ó ku búrọ́ọ̀ṣì. Bébà yẹn, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbà á. Ẹ fi í sínú àdéhùn owó. Ẹ ká a róbótó, ẹ má ṣẹ́ ẹ po, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ọ̀dà àti ọjọ́ iṣẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Àmì ọ̀nà àjáde nígbà iná kì í ṣe ibi ọnà o. Aláwọ̀ ewé oníná ni kẹ́ ẹ rà.

Lẹ́yìn ọyẹ́, ẹ fi aṣọ rírọ̀ àti omi ọṣẹ nu eruku kúrò. Pupa ló sábà máa ń kọ́kọ́ ṣá, pàápàá níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń pa. Bó bá ti ń ṣá, ẹ gbé bébà yẹn jáde. Àtíìsì mìíràn lè tẹ̀ lé e.