Bí a ṣe wọn họ́mọ́ọ̀nù ọmọkùnrin mi ní Àkúrẹ́

Ọmọ mi ọkùnrin ti lé díẹ̀ ní ọdún 14 nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ ìbàlágà rẹ̀ tó ń pẹ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ohùn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì ti ki, irun ti ń hù lókè ètè àwọn mìíràn. Òun ní tirẹ̀, bí ẹ bá rí i láàárín wọn, ẹ ó rò pé àbúrò ẹnì kan ló tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sílé-ìwé. Yunifọ́ọ̀mù tí mo rán fún un ní JSS 2 ṣì bá a mu. Kò sọ nǹkan kan fún mi. Ó kàn ṣíwọ́ bọ́ọ̀lù gbígbá pẹ̀lú wọn ni, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Ẹnu ayé kò gbélé. Aládùúgbò wa kan ní kí n mú un lọ gba abẹ́rẹ́ "tó ń jẹ́ kí ọmọkùnrin gbó" ní kẹ́míìsì kan. Ẹlòmíràn ní òun mọ aláàgbo. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ń gbé ní Oǹdó, ló fọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ṣe sùúrù. Ọkọ rẹ náà, ìgbà tó ń lọ parí girama ló ṣẹ̀ṣẹ̀ na ara. Bàbá rẹ̀ máa ń pè é ní aràrá." Ọ̀rọ̀ màmá jọ òótọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ yẹ ọmọ náà wò kí n tó fọwọ́ lẹ́rán.

Ọmọkùnrin sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàlágà láàárín ọdún 9 sí 14, ọmọbìnrin láàárín ọdún 8 sí 13. Bí ọmọkùnrin bá pé 14 tí àmì kankan kò tíì hàn, tàbí tí ọmọbìnrin pé 13 tí ọmú kò tíì yọ, ó tó ohun tí à ń wá dókítà lọ fún. Bí ó bá sì yá jù náà ńkọ́, ìyẹn kí obìnrin tó pé 8 tàbí kí ọkùnrin tó pé 9? Ìyẹn gan-an kò ṣeé fi falẹ̀ rárá.

Kí dókítà tó mẹ́nu kan ẹ̀jẹ̀, ìbéèrè ni wọ́n kọ́kọ́ ń bi wá, ọ̀kan kò sì já sí asán nínú wọn. Ìgbà wo ni bàbá rẹ̀ ga? Ọmọ ọdún mélòó ni èmi nígbà tí mo kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù mi? Kí ni jínótáìpù ọmọ náà? Mo dáhùn pé AS ni. Wọ́n ní àwọn ọmọ tó jẹ́ SS máa ń pẹ́ kí wọ́n tó bàlágà, òun ni wọ́n ṣe ń béèrè rẹ̀ nílẹ̀ wa níbí kí wọ́n tó wá ohun mìíràn lọ. Ṣé ó ti fi orí gbá nǹkan rí? Ṣé ó ń jẹun dáadáa? Ṣé inú máa ń run ún? Wọ́n wá béèrè èyí tó yà mí lẹ́nu: "Màmá, ṣé ó ń gbọ́ òórùn?"

Ọmọ tó máa ń di imú bí mo bá ti ṣí ike irú! Mo sọ bẹ́ẹ̀, dókítà sì rẹ́rìn-ín, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé pé àwọn ọmọ kan wà tí kì í gbọ́ òórùn láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn, tí ìbàlágà kò sì dé bá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pàṣẹ ìbàlágà láti inú ọpọlọ, agbègbè imú ni wọ́n ti ń rìn lọ sínú ọpọlọ nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún. Bí ìrìn náà kò bá yọrí, imú kò ní gbọ́ òórùn, àṣẹ náà kò sì ní jáde. Kallmann ni orúkọ àìsàn náà. Ìbéèrè kan péré, láìná kọ́bọ̀, ti fi èyí sẹ́yìn.

Wọ́n wọn bí ó ti ga, wọ́n wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n, wọ́n sì sàmì sí i lórí ìwé onílà tí wọ́n fi ń wo ìdàgbàsókè. Bàbá rẹ̀ ló bá a wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì fún àyẹ̀wò ara. Dókítà gba àyè lọ́wọ́ ọmọ náà fúnra rẹ̀ kó tó kan àwa òbí, mo sì fẹ́ràn ìyẹn gidigidi. Àbájáde rẹ̀ ni pé ìbàlágà ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹsẹ̀ wọlé, kò tíì rìn jìnnà.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n kọ LH àti FSH, họ́mọ́ọ̀nù méjì tí ọpọlọ fi ń pàṣẹ ìbàlágà, àti testosterone, họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin, wọ́n fi TSH, tí wọ́n fi ń yẹ iṣẹ́ tairọ́ìdì inú ọrùn wò, kún un, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gbogbogbòò tó ń fi àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àìsàn tó fara pamọ́ hàn. Wọ́n fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé náà: kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ní àárọ̀, kí aago mẹ́sàn-án tó lù.

Ibi tí ó yẹ kí òbí fojú sí jù lọ nìyí. Nígbà tí ìbàlágà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, òru ni ọpọlọ ń rán iṣẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ bá ti sùn, LH á máa jáde díẹ̀díẹ̀, á gòkè, á sọ̀ kalẹ̀, testosterone á sì tẹ̀ lé e títí ilẹ̀ fi mọ́. Tó bá di ọ̀sán, ó ti lọ sílẹ̀. Ọmọ kan náà, lọ́jọ́ kan náà, lè ní iye tó dára ní aago méje àárọ̀ kó sì dà bí ẹni tí kò ní nǹkan kan ní aago méjì ọ̀sán. Nígbà tí mo pe láàbù kan, ẹni tó gbé fóònù ní kò sí wàhálà, kí a máa bọ̀ nígbàkígbà tí a bá ráyè. Mo dúpẹ́, mo wá ibòmíràn. Mo ń sọ ọ́ fún gbogbo ìyá tó bá bi mí: ẹ má gbà fún wọn o. Owó kan náà ni ẹ máa san.

A gbéra ní ọ̀nà Ọ̀dà kí oòrùn tó yọ, láti dé agbègbè Alágbàká kí ìlú tó kún. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó gba ẹ̀jẹ̀ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó béèrè bóyá ọmọ náà ń lo fítámì kankan, pàápàá biotin, èyí tí wọ́n ń lò fún irun àti èékánná, nítorí pé èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ lè mú kí ẹ̀rọ ka họ́mọ́ọ̀nù sódì. Àjọ FDA, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ láti ọdún 2017. Ó kọ aago tó gba ẹ̀jẹ̀ náà sára ìgò níṣojú mi. Mo béèrè ibi tí wọ́n ti máa yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní Èkó ni, wọ́n á yọ omi ara ẹ̀jẹ̀ náà sọ́tọ̀, wọ́n á sì gbé e lọ pẹ̀lú yìnyín.

Nígbà tí èsì dé, àyà mi já. Testosterone jẹ́ 46 ng/dL, wọ́n sì fi lẹ́tà L tó dúdú gan-an síwájú rẹ̀ pé ó kéré. Iye tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìfiwéra bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 300. Ọkọ mi kà á, kò sọ̀rọ̀.

Dókítà wò ó, wọ́n ní, "Àgbà ọkùnrin ni ìwé yìí ń bá wí. Ẹ jẹ́ ká wo ọmọ yín." Ẹ̀rọ kò mọ ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀. Iye tó wà fún bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Fún ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìbàlágà, 46 bá ohun tí dókítà fojú rí lára rẹ̀ mu. LH rẹ̀ jẹ́ 1.1. Bí LH àárọ̀ bá ti kọjá 0.3, ó sábà máa ń fi hàn pé ọpọlọ ti jí sí iṣẹ́ yìí.

Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń ka méjèèjì pọ̀. Ọpọlọ dà bí ìyá tó ń pe ọmọ nínú yàrá: LH àti FSH ni ohùn rẹ̀, testosterone ni ìdáhùn. Bí ọmọ kò bá dáhùn, ìyá á máa pariwo. Nítorí náà, bí LH àti FSH bá ga fíofío tí testosterone wà nílẹ̀, kóró ẹpọ̀n ni ìṣòro wà. Bí méjèèjì bá wà nílẹ̀, ìyá kò tíì pe ẹnikẹ́ni, a ó sì máa wádìí bóyá àkókò ni kò tíì tó tàbí ọpọlọ ló ní ìdíwọ́. Tiwa, ìyá ti ń pè ní ohùn jẹ́jẹ́, ọmọ sì ti ń dáhùn.

X-ray ọwọ́ òsì ló wá fi gbogbo rẹ̀ múlẹ̀. Wọ́n máa ń fi àwòrán egungun ọwọ́ ọmọ wé ti inú ìwé Greulich àti Pyle, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1950, tí àwòrán inú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn ọmọ ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà. Egungun ọmọ mi jẹ́ ti ọmọ ọdún méjìlá àbọ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní 14, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ wà ní méjìlá àbọ̀, họ́mọ́ọ̀nù rẹ̀ sì ń bá ara rẹ̀ rìn. Ìpẹ́ tó wà nínú ìdílé ni, bí màmá ti wí, òun ló sì wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ọmọkùnrin tí ìbàlágà wọn ń pẹ́.

Mo béèrè nípa abẹ́rẹ́ aládùúgbò wa. Ojú dókítà le. Wọ́n ní àwọn dókítà máa ń fún àwọn ọmọ kan ní testosterone díẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọn gbogbo èyí ni, wọ́n sì ń ṣọ́ egungun. Bí ẹnì kan bá kàn gún un sí ọmọ lára, ọpọlọ á gbọ́ pé testosterone ti pọ̀, á sì dákẹ́. LH á lọ sílẹ̀, kò sì ní sẹ́ni tó máa mọ bí ọmọ náà ti wà tẹ́lẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé ó lè mú kí egungun tètè dé òpin ìdàgbà rẹ̀. Ọmọ á ga lójijì, á sì dúró síbẹ̀, á kúrú ju bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ kó ga lọ. Mo padà sílé, mo lọ bá aládùúgbò wa, mo ṣàlàyé rẹ̀ fún un pátá, torí òun náà ní ọmọkùnrin.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, a tún ẹ̀jẹ̀ náà gbà. Mo rí i dájú pé láàbù kan náà ni, ní ìwọ̀n aago kan náà. Láàbù méjì lè lo ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, iye họ́mọ́ọ̀nù tó kéré bíi tọmọdé sì ni ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún àgbàlagbà sábà máa ń kà ségesège. Ìwọ̀n náà tún lè yàtọ̀: àwọn kan ń kọ ng/dL, àwọn kan nmol/L, 1 nmol/L sì tó bíi 28.8 ng/dL. Ẹni tó bá fi 46 wé 4.9 láìwo èyí tó tẹ̀ lé nọ́ńbà náà lè ké igbe ní òpópónà.

Testosterone rẹ̀ ti di 141 ng/dL, ìyẹn 4.9 ní nmol/L. Ó fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ga sí i. Dókítà ní kò sí abẹ́rẹ́, kò sí oògùn, kò sì sí ẹ̀jẹ̀ gbígbà mọ́ fún ìsinsìnyí; kí a kàn padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà mìíràn kí wọ́n wọn gíga rẹ̀. Ọmọ náà wá bi wọ́n léèrè fúnra rẹ̀ ìgbà tí ohùn òun máa ki. Wọ́n ní ó sábà máa ń dé nígbà tí ìbàlágà bá ti rìn dé àárín, kó máa retí rẹ̀.